Èsì wa sí ẹni tó kọ ọ́ pé: “Ọṣẹ yín jó mi lójú, ó tún sọ mí di dúdú”

Àǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa, a sì ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ní ọjọ́ tí ọṣẹ dúdú àti òrí tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Yábàá dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an lẹ ju ìpara abóra “tóònì” tí ẹ ti ń lò tipẹ́ dànù. Ẹ ní alaalẹ́ lẹ ń fi ọṣẹ náà kun ojú, tí ẹ ń fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ojú wá ń ta yín, ó ń bó, ó sì ṣú. Ẹ tún ní iyanrìn wà nínú òrí, pé ayédèrú la ń tà.

Kí a tó sọ ohunkóhun: ẹ fi ọṣẹ náà sílẹ̀ lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ tiwa. Omi lásán ni kí ẹ máa fi bọ́jú, kí ẹ sì yẹra fún oòrùn ọ̀sán. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà. Tí agolo ìpara àtijọ́ yẹn bá ṣì wà nílé, ẹ mú un dání lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni dókítà máa kọ́kọ́ bi yín.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ìpele mẹ́ta ni awọ ara èèyàn. Ti òkè pátápátá fẹ́lẹ́; lójú ìpéǹpéjú, kò nípọn tó ìwé. Ní ìsàlẹ̀ ìpele òkè yìí ni a ti ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ti kú kí wọ́n tó yọ síta, wọ́n á sì ré dànù nígbà tí à ń wẹ̀. Ìrìn yẹn tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn òkú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn tí à ń fi kànìnkànìn bó bí ẹni ń bó iṣu ló ń ṣọ́ wa: àwọn ni kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ, àwọn ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àìsàn wọlé. Abẹ́ wọn ni iṣan ẹ̀jẹ̀, orísun òógùn, gbòǹgbò irun àti iṣan tó ń mọ gbígbóná àti ìrora wà. Ọ̀rá ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ dúdú tí ẹ sọ ńkọ́? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè melanin, èròjà tó ń mú awọ dúdú, fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ bákan náà lára ẹni pupa àti ẹni dúdú. Ohun tí wọ́n ń pèsè ló yàtọ̀. Ààbò lọ́wọ́ oòrùn ni melanin yìí. Hydroquinone inú ìpara abóra ń dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ dúró, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú tó ti bó náà tún máa ń ṣú kí ó tó jinná. Ọṣẹ kankan kò ní àwọ̀ dúdú tó lè kùn síni lójú, àǹtí mi. Ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n bá lo hydroquinone pẹ́ jù, ó lè sọ ojú náà di dúdú mọ́ búlúù, èyí sì ṣòro ó wò.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni clobetasol. Oògùn gidi ni, dókítà máa ń fi wo àléfọ́ (eczema) àti àwọn àrùn awọ mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó ń po ìpara ní kọ̀rọ̀ ń dà á sínú ike tí kò lórúkọ. Tó bá pẹ́ lójú, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á hàn síta. Tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú á pọ́n, á máa jó, á máa bó. A kò rí ike yín, a kò lè búra. Àmọ́ gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ jọ ọ́. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù.

Orí irú awọ bẹ́ẹ̀ lẹ wá fi ọṣẹ dúdú sùn lé. Eérú èèpo kòkó àti àdí la fi ṣe é, eérú sì le: pH (ìwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe le bí eérú) awọ ara kò ju bíi 5 lọ, ti ọṣẹ dúdú ń lọ sí 9, ó tún ń kọjá. Awọ tó le yóò tún ara rẹ̀ ṣe láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé pélébé inú àpò rẹ̀ fi sọ pé: ẹ ya díẹ̀ tó bí ẹyọ ẹ̀wà, ẹ fi omi pò ó ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi hó funfun, ẹ fi wẹ̀, ẹ ṣàn án kíá.

Iyanrìn inú òrí kì í ṣe iyanrìn. Oòrùn yọ́ òrí náà lórí bíìkì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá Carter, ó wá rọra dì padà, oríṣi ọ̀rá inú rẹ̀ kì í sì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi ìka méjì rà á: yóò yọ́. Tó bá ń bí yín nínú, ẹ gbé ike náà sínú omi gbígbóná kó yọ́ tán, kí ẹ wá gbé e sínú fíríìjì kíá, á dán.

Ní ti owó: a kì í gba ọṣẹ tí wọ́n ti lò padà. Òrí, tó bá jẹ́ pé kò tẹ́ yín lọ́rùn, a ó rán oníbíìkì wá gbé e, owó rẹ̀ lọ́rùn wa. Bí dókítà bá sì yẹ̀ yín wò tó ní ọṣẹ wa nìkan ló fà á, ẹ kọ ọ́ sí ibí yìí kan náà, a ó san owó ọṣẹ padà. Ìpara tó ń mú èèyàn pupa tí ẹ béèrè nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yín, a kò tà á.