Ooru omi gbígbóná lójú: ojoojúmọ́ ni àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀?

Àdùkẹ́ Olójúẹgẹ́: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ yìí ti mú kí ojú mi gbẹ háúháú, imú mi sì kún fún àmì dúdú tíntìntín. Mo wá ń bu omi gbígbóná sínú bẹ́sìnnì, mo ń fi tówẹ̀lì borí, kí ooru rẹ̀ máa fẹ́ sí mi lójú. Ara ojú mi ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojoojúmọ́ ni kí n máa ṣe é, àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Máa ṣe é lọ, ọmọ mi. Ooru ló ń ṣí ihò ara, ìdọ̀tí á sì jáde wẹ́rẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Tówẹ̀lì lórí? Mo rò pé ibà ló ń ṣe ẹ́ ni. Dógóńyárò dà? 😂

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́: Àdùkẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kọ́kọ́ sọ omi kalẹ̀ kúrò lórí iná, kí ojú rẹ sì jìnnà sí i tó rúlà ọmọ iléèwé kan, ìyẹn 30 sẹ̀ǹtímítà. Tí o bá ṣe tán, fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ojú, kí o fi òrí díẹ̀ ra á kó tó gbẹ tán. Ẹni tí awọ ojú rẹ̀ bá ń tètè pọ́n tàbí tó ń yún, kó má dán an wò rárá. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú mà, ihò ara ò ní iṣan tó lè fi ṣí tàbí tó lè fi pa dé. Ọ̀rá tó dì sínú rẹ̀ ni ooru ń mú rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí mo ti ń fi ooru tọ́jú ojú. Ó ń ṣí. Ojú mi ni mo fi rí i.

Bàbá Alágbo Bódè: Omi lásán kọ́! Ẹ já efinrin àti ewé tíì sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Bàbá, efinrin tí a fi se ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ lánàá? Ọkọ Àdùkẹ́ á kàn máa gbóòórùn ọbẹ̀ lójú ìyàwó ni.

Tọ́pẹ́ Ọbẹ̀: Efinrin pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́! Kí iyán wà níbẹ̀ o.

Ṣadé Oníkírímù: Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi náà, ojú á máa dán.

Màmá Mọsún: Ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ̀? Ṣadé, má ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Èmi fi ra ojú lọ́dún tó kọjá, mo gba inú oòrùn lọ sọ́jà. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń ta mí, ó wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Oṣù mẹ́ta gbáko ló gbà kó tó lọ.

Ṣadé Oníkírímù: Inú omi ni mo ní kó fún un sí, mi ò ní kó fi ra ojú. O ò kà á dáadáa.

Màmá Mọsún: “O” kẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Àkọ́bí mi ti wọ yunifásítì.

Ṣadé Oníkírímù: Fọ́tò òdòdó lẹ gbé síbẹ̀. Ṣé ara òdòdó ni mo ti fẹ́ rí ọjọ́ orí yín?

Màmá Mọsún: “Màmá” wà lára orúkọ mi! Kírímù tí ò ń tà gan-an, ṣé ó ní nọ́ńbà NAFDAC?

Ṣadé Oníkírímù: Ó ní! Ẹ yé bà mí lórúkọ jẹ́. Èmi kì í ta ìpara tó ń bóra.

Kọ́lá Ọ̀ṣogbo: Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe èyí, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Nígbà kòrónà ní 2020 tí gbogbo ilé ń fa ooru, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 7, fẹsẹ̀ kọ bẹ́sìnnì. Omi dà sí i nítan. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Igbe rẹ̀ ò tíì kúrò létí mi.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́: Pẹ̀lẹ́ o, Kọ́lá. Orí tábìlì tí ò mì ni kí ẹ gbé e kà, kì í ṣe orí itan, kì í ṣe orí ibùsùn.

Ìyá Ìbejì: IHÒ ARA Ń ṢÍ O!

Tọ́pẹ́ Ọbẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, Robb ńkọ́? Ṣé a lè fi sínú omi náà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi: Fi sí i, kí o wá wo bí ojú á ṣe máa ta ẹ́ bí ìgbà tí o fọwọ́ ata rodo nu ún.

Àdùkẹ́ Olójúẹgẹ́: Ẹ̀yin ará, mo ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i báyìí. Ṣé kí n dà á nù?

Màmá Mọsún: Ṣadé, mo ṣì ń retí kí o tọrọ àforíjì.

Ṣadé Oníkírímù: Nítorí “o”? Ẹ máa retí lọ, mà.