Ojoojúmọ́ iṣẹ́ náà ni kí ẹ wò, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná

Tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde báyìí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: "Bùrọ̀dá, kí ni kí n lọ kà?" Àwọn òbí náà ń béèrè, tiwọn kàn yàtọ̀ díẹ̀: "Èwo lowó wà nídìí ẹ̀ jù?" Èmi kì í dáhùn èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí mo máa ń bi ọmọ náà ni pé, ṣé o ti rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́nu iṣẹ́ rí? Kì í ṣe níbi ìnáwó tó ti wọ agbádá o, kì í sì í ṣe lórí Instagram. Lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè, tí ooru mú, tí wọ́n ti mú iná lọ.

Ọ̀pọ̀ wọn ni kò rí i rí.

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà kó máa bọ̀: kì í sábà jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ló ń mú kó sú èèyàn. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Lọ́yà tí gbogbo wa ń wo wíìgì àti aṣọ dúdú rẹ̀, ìwé ló ń kà, ìwé ló ń kọ. Tó bá dé kóòtù, á jókòó títí wọ́n á fi pe ẹjọ́ rẹ̀, adájọ́ á tún sún un sí oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí ìwé kì í sú, tó sì ní sùúrù, á gbádùn ibẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n kàn ń sọ fún láti kékeré pé "ẹnu ẹ mú, lọ́yà ni wàá ṣe", ìyà ń bọ̀. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ̀yin ń wo dọ́là. Èmi ń wo ẹni tó jókòó láti àárọ̀, tó ń wá àmì bíńtín kan tó fò nínú ohun tó kọ. Àwọn kan wà tí wíwá yẹn dùn mọ́ wọn bí ayò ọlọ́pọ́n. Àwọn yẹn ni kó lọ ṣe é.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tá a lọ sí yunifásítì. Ẹ lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀, kí ẹ wo ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọn ò ní gbé aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́. Á gbálẹ̀, á ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́, á fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé e sídìí máṣíìnì tí kò sí òwú lára rẹ̀, kó máa wà á lórí bébà àpò sìmẹ́ńtì, kó máa tọ ìlà tí ọ̀gá fà, títí abẹ́rẹ́ ò fi ní yà kúrò lójú ìlà mọ́. Tó bá wá kan aṣọ gan-an, títú ló máa pọ̀ jù: ìránsí tó wọ́, tú u, ọrùn tó fún jù, tú u. Kó tó pẹ́, ọmọ náà á ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ìránṣọ lòun fẹ́ràn tàbí aṣọ tuntun. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó máa sá á ti sá, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa ra mínírà fúrídọ̀mù.

Tiwa wá ńkọ́? Ọmọ á mú sáyẹ́ǹsì tàbí áàtì ní SS1, á yan kọ́ọ̀sì sínú fọ́ọ̀mù, á jókòó ṣe ìdánwò tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 400. Bí máàkì kò bá tó ti Mẹ́dísìn, wọ́n á fún un ní nǹkan mìíràn, á sì gbà á, torí kò fẹ́ lo ọdún kan sí i nílé. Àwọn ẹnjiníà àtàwọn bíi tiwọn ń lọ fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́, tó ti wà láti ọdún 1973. Ètò gidi ni, àmọ́ ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí owó ilé-ìwé ti wọlé tán. Lójú tèmi, àwọn politẹ́kíníìkì ló tò ó dáadáa: ọdún 2 fún OND, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ wọn, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, kéèyàn tó padà wá fún HND, èyí tó ga jù ú lọ. Láàárín ọdún kan yẹn, ẹni tí ibẹ̀ kò bá lára mu lè yà sí ibòmíràn. Àwọn yìí náà la tún ń fojú tínrín nígbà tá a bá ń gbani síṣẹ́!

Àwọn ọmọ máa ń fi Fela dá mi lóhùn. Ṣebí Mẹ́dísìn ni wọ́n ní kó lọ kà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958, tó fi lọ wọ Trinity College of Music? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ sọ ọ́ tán. Ó ti ń bá ẹgbẹ́ Victor Olaiya kọrin l'Ékòó kó tó kúrò nílé, ó mọ bí alẹ́ olórin ṣe ń rí. Olikoye ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Beko àbúrò rẹ̀ di dókítà, Olikoye sì ṣe mínísítà ètò ìlera. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde o.

Ṣé ká má wo ti owó ni? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? "Ṣáà máa ṣe ohun tí ọkàn ẹ bá fẹ́" máa ń bí mi nínú, torí ẹni tí bàbá ẹ̀ ti kọ́lé fún ló sábà máa ń sọ ọ́. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ, tí o sì lè fara da ojoojúmọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ àwọn tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ wọn rárá, àfìgbà tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá nídìí ẹ̀, táwọn èèyàn ń wá wọn wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì, oko ẹja tàbí ilé oògùn, ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ ń bọ̀. Ẹni tó bá lè gba ọmọ SS2 kan kó wá jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ 2, kó kọ iṣẹ́ tó ń ṣe àti ìlú tó wà sí ìsàlẹ̀ ibí. Ẹ̀yin ọmọ, owó ọkọ̀ lè má sí níbẹ̀. Ẹ bá ẹni tó bá gbà yín sọ ọ́ kí ẹ tó lọ.