“Ṣebí èmi náà lọ sílé ìwé”: ọ̀rọ̀ yìí kò tó láti fi ran ọmọ lọ́wọ́

Ẹ sọ fún àwọn àgbàlagbà pé ilé ìwé ìjọba tó wà nítòsí wọn ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda wákàtí méjì lọ́sẹ̀ láti jókòó ti àwọn ọmọ, kí wọ́n jọ kàwé, kí wọ́n jọ ṣe ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ló máa gbà, torí èèyàn rere pọ̀. Ẹ wá fi kún un pé wọ́n á kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ: “Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀? Lórí kí ni? Ṣebí èmi náà lọ sílé ìwé. Mo mọ̀wé kà, mo mọ̀ṣirò, mo sì fẹ́ràn ọmọdé.” Àwọn ọ̀gá ilé ìwé kan gan-an gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá yọjú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á fa ọmọ mẹ́ta àti ìwé kan lé e lọ́wọ́, wọ́n á nawọ́ sí igun yàrá kan, ó parí.

Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, tọkàntọkàn ni mo sì fi sọ ọ́. Kò jóòótọ́. Mímọ̀ tá a mọ nǹkan náà dáadáa gan-an ló máa ń fọ́ wa lójú sí ọ̀nà tí ọmọ máa gbà mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ ọdún méje ń kàwé sókè. Ó dé orí ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Ètè rẹ̀ ti ń wá ìró àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Àgbàlagbà tó jókòó tì í kò lè mú un mọ́ra; kí ọmọ tó mí, ó ti bá a pè é. Ọmọ tún un pè tẹ̀lé e, wọ́n ń lọ. Ó tún kan òmíràn, ó dúró, àgbàlagbà tún bá a pè é. Nígbà tí wọ́n á fi dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ọmọ kò wo ìwé mọ́. Ojú àgbàlagbà ló ń wò, torí ó ti rí i pé ẹnu ẹni yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Wọ́n ka ojú ewé mẹ́rin, inú àwọn méjèèjì dùn, ọmọ náà kò sì fúnra rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àwọn tó le.

Èmi ni àgbàlagbà yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí mò ń pè ní ìrànlọ́wọ́ ni mò ń fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Mo máa ń kúrò níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀, olùkọ́ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ náà sì máa ń juwọ́ sí mi.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun pàápàá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gba ohùn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó sì wọn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé ìbéèrè olùkọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ló gbé ohun tó rí jáde: bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni olùkọ́ máa ń dúró kó tó tún ìbéèrè náà bi, tàbí kó pe ọmọ mìíràn, tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ wọn láti dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn tẹ́lẹ̀ dín kù, àwọn ọmọ tí olùkọ́ ti kà sí ọ̀dẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lanu sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ fọkàn kà á tí ọmọ bá ń wò yín láìsọ̀rọ̀, ẹ ó rí i bó ṣe gùn tó. Bí olùkọ́ tó gbọ́ṣẹ́ bá nílò kí wọ́n kọ́ òun láti dákẹ́, èmi tí mo ti ẹnu iṣẹ́ mìíràn wá ńkọ́?

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ hàn kedere nínú ìwádìí kan tí Elizabeth Newton ṣe ní yunifásítì Stanford lọ́dún 1990. Ó ní kí àwọn kan fi ìka kan tábìlì bí orin tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣe ń lọ, láìla ẹnu, kí àwọn mìíràn sì sọ orin tó jẹ́. Àwọn tó ń kan tábìlì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn olùgbọ́ máa mọ ìdajì. Nínú orin 120, mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó ń kan tábìlì ń gbọ́ orin náà lódindi nínú orí ara rẹ̀, ó sì ṣòro fún un láti gbà pé ariwo gbà-gbà-gbà lásán ló ń dé etí ẹnì kejì. Bí ìwé kíkà ṣe rí fún èmi àti ẹ̀yin náà nìyẹn. Ó ti pẹ́ tá a ti gbàgbé pé àmì ni lẹ́tà.

Ìṣirò tún ṣe àfihàn rẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ 42 sókè, wọ́n kọ 17 sísàlẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè. Ọmọ kọ 35. Ẹni tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ á ní, “Rárá o, o ò rò ó dáadáa. Wò mí,” á sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ á dà á kọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún un ní 63 àti 28, ó kọ 45. Àgbàlagbà á mí kanlẹ̀, á rò pé ọmọ yìí kì í fọkàn sí nǹkan.

Ọmọ náà fọkàn sí i gidigidi. Ó ní òfin kan tó ń tẹ̀ lé, kì í sì í yẹ̀ ẹ́: kékeré la máa ń yọ kúrò nínú ńlá, ibi yòówù kí kékeré wà. 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. 1 kúrò nínú 4, ó ku 3. Ẹni tó bá bi í léèrè pé “Sọ bó o ṣe ṣe é fún mi” á gbọ́ òfin yẹn lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Àmọ́ kì í wá sọ́kàn ẹni tó ti mọ ìdáhùn, àfi tí wọ́n bá fi hàn án, tó sì fi dánra wò.

Ẹlòmíràn á ní, “Ó dáa, bí n kò bá tiẹ̀ ṣe é dáadáa, ó ṣáà sàn ju kí ọmọ wà láìsí ẹnikẹ́ni lọ.” Apá yìí nínú ìgbàgbọ́ náà ló ń kọ mí lóminú jù. Lọ́dún 1939, ní ìlú Cambridge àti Somerville ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọmọkùnrin 506 jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn ìdajì ní olùdámọ̀ràn tó ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, tó ń mú wọn jáde, tó ń wá ẹni kọ́ wọn níwèé, fún bí ọdún márùn-ún. Àwọn ìdajì yòókù kò rí nǹkan kan gbà. Joan McCord, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, tọpasẹ̀ wọn ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1978. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ló sọ pé ètò náà ṣe àwọn lóore. Nígbà tó wo àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, ọtí àmujù, àìsàn ọpọlọ àti ikú àìtọ́jọ́, kò rí ibì kankan tí ètò náà ti gbè wọ́n, nínú àwọn àkọsílẹ̀ kan pàápàá, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ gan-an ló burú jù. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ilé ìwé ní tààrà, owó sì ni wọ́n ń san fún àwọn olùdámọ̀ràn náà. Ohun tó kọ́ mi ni pé ẹ̀rín ọmọ àti ọpẹ́ òbí kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ń lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àkókò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 2002, Jean Grossman àti Jean Rhodes gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tí àgbàlagbà kan gbà láti máa bá rìn gẹ́gẹ́ bí olùtọ́sọ́nà. Àwọn tí ìbárìn náà pé ọdún kan sókè jàǹfààní jù. Àwọn tí ẹni náà fi sílẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta, ńṣe ni ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn rẹ̀yìn sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n bi ẹni tó ń bọ̀ ni pé: títí dìgbà wo? Ẹni tí oṣù méjì péré bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tò ìwé sí ilé ìkàwé, ó lè ṣèrànwọ́ níbi eré ìdárayá. Kí wọ́n má fa ọmọ kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́ ní tirẹ̀.

Ẹnì kan lè wá gbọ́ gbogbo èyí kó sọ pé, nígbà náà, ẹ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́. Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Ní àgbègbè Jaunpur ní Íńdíà, Pratham, ẹgbẹ́ aládàáni kan tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọmọdé, kó àwọn ọ̀dọ́ abúlé jọ, wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lórí ọ̀nà kan tó rọrùn láti fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kó ọmọ jọ lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn ọmọ tí kò dá lẹ́tà mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì ń wá síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010 ṣe sọ. Nínú ìwádìí kan náà, wọ́n pe ìpàdé ní àwọn abúlé mìíràn, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀tọ́ wọn lórí ilé ìwé fún àwọn òbí, wọ́n ní kí wọ́n dìde. Ìwé kíkà àwọn ọmọ ibẹ̀ kò yí padà. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìwé kíkà tó ń jẹ́ Reading Partners ń lo àwọn tí kì í ṣe olùkọ́, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn ọmọ sì ń tẹ̀ síwájú ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ wo ohun tó yí wọn ká, ṣá o: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, àti òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wò wọ́n, kó sì máa tọ́ wọn sọ́nà.

Nítorí náà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń sọ kò gùn. Kì í ṣe kí ẹnì kan dúró níwájú kó máa ka ìwé òfin fún àwọn èèyàn tí oorun ń kùn. Kí wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, kí ẹnì kan ṣe bí ọmọ tó há sórí ọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì dánra wò láti dákẹ́. Kí wọ́n gbé ìṣirò tí ọmọ ṣì ṣe wá, kí wọ́n wá òfin tó wà lórí ọmọ náà. Kí wọ́n kọ́ wọn láti yin ohun tí ọmọ ṣe, bí àpẹẹrẹ “o padà lọ tún un kà,” dípò “orí ẹ pé.” Àwọn òfin ààbò kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ: ilẹ̀kùn máa wà ní ṣíṣí, kò sí fọ́tò ọmọ lórí fóònù, ohun tẹ́ ẹ rí nípa ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ dé ìgboro.

Ọ̀kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ máa gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, á ní, “Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ṣé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?” Ẹni tó ní inú rere tí kò gba ìmúrasílẹ̀ á dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, “Mi ò ní sọ.” Ó ti di ẹnu ara rẹ̀. Bí ohun tí ọmọ bá sọ bá jẹ́ pé ẹnì kan ń lù ú nílùkulù, tàbí ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, yálà kó da ọmọ tàbí kó fi í sílẹ̀ nínú ewu. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé, “Mi ò lè ṣe ìlérí yẹn, àmọ́ àwọn tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ fún.” Kó fetí sílẹ̀, kó má fi ìbéèrè wá a lẹ́nu wò, kó kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ náà, kó sì mú un lọ bá ẹni tí ilé ìwé yàn fún un. Kò sẹ́ni tó máa ronú kan gbogbo èyí lójijì tí ọmọ bá ti ń wò ó lójú.

Tí ilé ìwé bá wá pè yín, tí wọ́n ní kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan, ẹ má tìtorí ẹ̀ padà sílé. Ẹ bi wọ́n pé: ọmọ wo ni, kí sì ni olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ kó lè ṣe ní òpin sáà yìí? Ṣé mo lè kọ́kọ́ jókòó wo olùkọ́ náà fún wákàtí kan? Ta ni màá lọ bá tí ọmọ bá sọ ohun tó dẹ́rù bà mí? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ kíláàsì.