Ẹ Dárúkọ Orin Náà!
Ó ń bí mi nínú gan-an! Ẹ ó fi orin aládùn sábẹ́ fídíò, ẹ ò ní kọ orúkọ rẹ̀, ẹ ò sì ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Béèyàn bá béèrè, ẹ ó ní kó lo Shazam, áàpù tó ń dá orin mọ̀. Ohùn tó bá gbọ́ ni Shazam ń fi wé àwọn orin tó wà nípamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ti mú kí orin náà sáré kọjá bó ṣe yẹ, ẹ tún ń sọ̀rọ̀ lé e lórí (ọ̀rọ̀ tí kò nídìí!), kí ló fẹ́ dá mọ̀ níbẹ̀? Láti 2020 ni Google ti ń jẹ́ kéèyàn fẹnu kùn orin fún òun kó lè bá a wá a, àmọ́ èyí tí mo gbọ́ fìrí, báwo ni mo ṣe fẹ́ kùn ún? Olórin yẹn ṣiṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀!