Àìbìkítà kọ́ o
Ẹ ní àìbìkítà ló ń mú awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣìnà? Ẹ rọra o. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni mò ń wà ní London. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ti ọ̀nà pa, atẹ́gùn sì ti gbé pátákó tí wọ́n fi júwe ọ̀nà ṣubú. Bí mo ṣe yà sósì, afárá rélùwéè ni mo bá níwájú, wọ́n kọ mítà 3.9 sí i lára. Gíga ọkọ̀ mi ju mítà 4 lọ! A ò sì gbọdọ̀ dá fi rìfáásì láìsí ẹni tó máa darí wa. Mo pe ọ́fíìsì, mo jókòó, màmá kan ń pariwo pé fijíìlì òun ti bẹ̀rẹ̀. Bùrọ̀dá tó ní ká lo Google Maps, ẹ kú àbá. Ọ̀nà mọ́tò kékeré nìyẹn máa júwe, kò mọ̀ pé èèyàn wà lájà òkè.