Ẹ yéé bá ọmọ wí nítorí bọ́tìnnì
Ó ti sú mi! Ní kíláàsì kọ̀ǹpútà àwọn ọmọdé ní Kubwa níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣáá: ọmọ á tẹ bọ́tìnnì A lára micro:bit (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní kóòdù) títí àtàǹpàkò rẹ̀ á fi pọ́n, iná ò ní tàn, olùkọ́ á ní kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Irọ́ ni! Kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀yin olùkọ́ fún un, ló burú. Ẹ kọ is_pressed(), tó kàn ń wò bóyá wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì lọ́wọ́ lásìkò yẹn gan-an, sínú while True, tó ń tún iṣẹ́ ṣe láìdáwọ́dúró, ẹ tún ki sleep(1000), àṣẹ pé kó sùn, bọ̀ ọ́. Odindi ìṣẹ́jú àáyá kan ni pátákó yẹn fi ń sùn. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ tó sì tú u sílẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ta ni yóò mọ̀? was_pressed() wà ńbẹ̀, ó máa ń rántí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò lò ó? Ọmọ ọlọ́mọ á wá máa rò pé olódo lòun.