Ẹ Sọ Orúkọ Ẹ̀wà fún Ẹni Tó Ń Rà Á

Lọ́jọ́ ọjà Àgbálátà, ẹ yà sí ìdí àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Àgbádárìgì, kí ẹ bi wọ́n bóyá GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n tún àbùdá (gene) rẹ̀ ṣe, ni ohun tí wọ́n pàtẹ. Ìyá kan á ní, "Ká má rí i o, olóyin pọ́ńbélé nìyí." Èkejì á ní ta ló mọ ohun táwọn Òyìnbó ò tíì fi sóúnjẹ wa. Ẹ̀kẹta á ti bọ kóńgò sínú àpò, á ní mélòó ni kóun wọ̀n. A ò lè bá ìkankan nínú wọn wí. Àpò tí wọ́n rà lọ́wọ́ alágbàtà kò ní àmì kankan lára, bẹ́ẹ̀ náà ni alágbàtà ṣe gbà á lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó kó o wá láti òkè Ọya.

A ò ní kí wọ́n fòfin de irúgbìn tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe. A ò sì fara mọ́ ọn pé kó máa wọ inú ìkòkò wa ní bòńkẹ́lẹ́.

Ẹ̀wà wo gan-an là ń wí? Àfòpiná kékeré kan wà tó máa ń yé sára òdòdó ẹ̀wà. Ìdin rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Maruca, á lu ihò wọ inú èso, á jẹ ọmọ inú rẹ̀ kó tó gbó. Níbi tó bá ti pọ̀, ó lè kó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìkórè lọ. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀mẹjọ, kó tó rí ẹ̀wà kó. Àwọn onímọ̀ mú àbùdá kan láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis, wọ́n fi sínú ẹ̀wà, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria sì fi ṣe irúgbìn tí àgbẹ̀ wa lè gbìn. Kòkòrò àìfojúrí náà kì í ṣe àlejò lóko. Ọdún 1911 ni Ernst Berliner rí i ní Jámánì, lára ìdin tó ń jẹ ìyẹ̀fun. Lọ́dún 1938 wọ́n ti ń tà á ní ilẹ̀ Faransé fún àgbẹ̀ láti fín. Ohun tí àbùdá rẹ̀ ń pèsè a máa dá ìfun ìdin lu. Ìfun tiwa kò ní ibi tó lè dì mú. Ikùn wa á dà á bó ṣe ń da ẹran àti ẹja.

Oṣù kìíní ọdún 2019 ni àjọ NBMA tó ń bójú tó GMO ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀, fún ẹ̀wà yìí láṣẹ. SAMPEA 20-T lorúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó dé ọwọ́ àgbẹ̀ lọ́dún 2021. Àgbàdo tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe tẹ̀ lé e lóṣù kìíní ọdún 2024.

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ta ló wá bá ìyá ẹlẹ́wà àgànyìn sọ ọ́ lédè Ògù tàbí Yorùbá? Níbi tí ẹni tó mọ̀ ò bá ti sọ̀rọ̀, ẹni tí ò mọ̀ á sọ ọ́. Bí àròsọ ṣe gba ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè nìyẹn: àwọn kan ní GMO ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n gbà bí i ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó gbé e jáde lọ́dún 2011. Ànàmọ́ tí à ń dín létí títì ọ̀nà Sèmè, tí ẹnikẹ́ni ò fura sí, òun gan-an ló ní àbùdá kòkòrò àìfojúrí kan, Agrobacterium, nínú. Kò sí Òyìnbó tó fi í síbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí yẹn ló fúnra rẹ̀ wọlé láyé àtijọ́, ọdún 2015 sì ni àwọn onímọ̀ tó kéde rẹ̀.

Ẹ wo insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, náà. Nígbà kan, ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Láti ọdún 1982 ni èyí tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n fi àbùdá ènìyàn sínú rẹ̀, ti wà lọ́jà Amẹ́ríkà. Alhaji tó ní àtọ̀gbẹ tó sì ń gún un láàárọ̀ lè dúró lórí ìjókòó lọ́sàn-án kó máa bú GMO.

Ìbẹ̀rù wa ṣì ilé kàn. Lọ́dún 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, oògùn apakòkòrò dichlorvos tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì fà á, nígbà tí SAMPEA ò tíì gba àṣẹ rárá. Lọ́dún 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò oògùn náà kéékèèké mọ́. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ẹ̀wà tuntun ti lé oògùn lọ ń purọ́. Ó dín fínfín kù sí bí ẹ̀ẹ̀mejì lóko, àmọ́ kò ṣe nǹkan kan fún kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ní ẹjọ́ tiwọn o. Àgbẹ̀ lè fi ẹ̀wà yìí pa mọ́ kó tún gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn àgbàdo yẹn, ọdọọdún ni yóò máa rà á bó bá fẹ́ kó ṣe dáadáa. Kí wọ́n sọ fún un kó tó yọ owó. Ìdin náà sì lè mọ ọgbọ́n tuntun bí gbogbo oko bá gbin irú kan ṣoṣo. Ó yẹ kí wọ́n máa gbin ẹ̀wà àtijọ́ sí apá kan. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba nìyẹn, àwọn tí àgbẹ̀ kì í sábà rí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní kí wọ́n dáwọ́ fífún GMO tuntun láṣẹ dúró kí àwọn ṣèwádìí. Wíwádìí dára. Ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì, ẹ̀wà ò ní ìwé ìrìnnà. Orílẹ̀-èdè Benin, tó wà lẹ́yìn Sèmè, ti dá irúgbìn báyìí dúró lọ́dún 2002. Ghana fún ẹ̀wà tí wọ́n fi irú àbùdá kan náà sí láṣẹ tiwọn lọ́dún 2022. Àpò tó bá sọdá, ta ló mọ èyí tó jẹ́?

Nítorí náà, kí NBMA àti ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Ìpínlẹ̀ Èkó fi àmì sára àpò láti oko, kí àmì náà má bọ́ lọ́wọ́ alágbàtà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà ọjà Àgbálátà, lédè Yorùbá àti Ògù, kí ìyá ẹlẹ́wà lè nàka sí i nígbà tí oníbàárà bá bi í.